Ta Ló Tẹ́ Irin Náà?

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè ti ilé dé ilé ẹ̀kọ́ kí n sì padà wá gbé ìkòkò kaná láìsinmi… Tèmi, ọmọ mi, ṣé fóònù yẹn ti ń gbà á sílẹ̀? Ó ti ń gbà á. Ó dáa. Dáre, ìwọ náà sún mọ́ mi, ohùn mi kì í lọ jìnnà mọ́.

Ẹ ní kí n sọ bí bàbá yín àgbà ṣe di ẹni tó ń lọ sí láíbìrì ní gbogbo Sátidé. Ẹ ní bí ẹ ṣe bá a nìyẹn. Ó ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ o. Kò sì bẹ̀rẹ̀ ní Bowie níbí, ní Amẹ́ríkà. Òṣogbo ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo jẹ́ tíṣà kékeré, tí àwọn èèyàn ń kí mi lójú ọ̀nà pé, "Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o," tí ọrùn mi á wá gùn.

Rélùwéè ni bàbá yín ń bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n ń wa ọkọ̀ o. Kì í ṣe pé wọ́n ń wọ kóòtù, tí wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Lára àwọn tó ń tún ojú irin ṣe ni wọ́n wà. Wọ́n á gbé irin, wọ́n á gbé sílípà, igi gbọọrọ tó wà lábẹ́ irin, wọ́n á kó òkúta sí i, wọ́n á fi òòlù ńlá gbá a mọ́lẹ̀. Inú àgọ́ lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ń sùn, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láàárín Ọ̀ffà sí Jẹ́bà.

Nígbà tí wọ́n wá tọrọ mi, bàbá tó bí mi pè mí sẹ́yìnkùlé. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní, "Adùnní, ọkọ rélùwéè, ọkọ àlejò ni. Wàá máa se oúnjẹ de ẹni tí o ò mọ ọjọ́ tó ń bọ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì fẹ́ wọn. Ṣé ẹ rí bí ọ̀dọ́ ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀? Ó ń gbọ́ ọ, tirẹ̀ náà ló máa ṣe.

Bàbá mi ò sì parọ́. Ọkọ mi á dé lọ́jọ́ Jímọ̀, òórùn epo á kún ara wọn, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Tí mo bá ní, "Báwo ni ibi iṣẹ́?" wọ́n á ní, "Iṣẹ́ ni." Ó parí. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n ti lọ. Mo wá kórìíra rélùwéè. Fèrè rẹ̀ gan-an, mo kórìíra rẹ̀. Tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nínú kíláàsì tí ọkọ̀ fọn fèrè, màá dákẹ́ títí yóò fi kọjá. Àwọn ọmọ rò pé nítorí ariwo ni. Ariwo kọ́… inú ló ń bí mi.

Ìwé ńkọ́? Ẹ̀yin tí ìwé pọ̀ lọ́dọ̀ yín tí ẹ ń fi gbé ife tíì. Ilé ẹ̀kọ́ wa ní kọ́bọ́ọ̀dù ìwé kan ṣoṣo. Hẹdimásítà wa ló ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ bẹ́líìtì ìdí wọn. Tí o bá fẹ́ yá ìwé, wàá kọ lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́tà. Wọ́n á kà á, wọ́n á wò ọ́ lókè, wọ́n á wò ọ́ nílẹ̀, wọ́n á ní, "Tíṣà Adùnní, kí lẹ fẹ́ fi ìwé yìí ṣe?" Bí ẹni pé mo fẹ́ fi dáná.

Lónìí ńkọ́? Ẹ rí àpótí kékeré tó wà níwájú ilé funfun tó wà ní kọ́nà wa? Ẹnì kan kàn án, ó kó ìwé sí i, ó ní kí ẹni tó bá ń kọjá mú èyí tó wù ú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé wọ́n gbàgbé láti tì í ni. Mo dúró tì í nínú òtútù, mò ń bá wọn ṣọ́ ọ, kí olè má baà kó o. Obìnrin ilé náà wá jáde, ó bi mí bóyá mo sọnù ni.

Ẹ jẹ́ n dé ibi tí mò ń lọ. Ojú bàbá yín ló gbé wa wá síbí. Ẹ ṣì kéré, ẹ ò lè rántí. Àìsàn kan ni, tó máa ń jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀. Fọlákẹ́ màmá yín ní òun jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò yẹ kí bàbá òun fọ́ lójú. Ó mú wa wá. Dókítà ibí sọ pé èyí tó ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn lè ṣọ́ èyí tó kù, kí Bàbá máa kán òògùn sójú lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa wá fún àyẹ̀wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bàbá ń rí èèyàn, wọ́n ń rí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà inú ìwé ti di èèrà lójú wọn.

Ilé á wá dá. Fọlákẹ́ á ti lọ sí ọsibítù, wákàtí méjìlá lórí ìdúró. Dádì yín á ti lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní National Harbor. Ẹ̀yin á ti wọ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́. Ó ku èmi àti Bàbá, àti ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, tó ń ṣe hùùù. Ní Òṣogbo, ṣé o lè jókòó síwájú ilé kí ẹni mẹ́wàá má kí ọ? Níbí, aládùúgbò á juwọ́ sí ọ láti inú mọ́tò, ó ti lọ.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Wọ́n á jẹun dé ààbọ̀, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ìyá Fọlákẹ́, bá mi bẹ àwọn ọmọ. Kí wọ́n dá mi padà sílé." Mo ní ojú yín ńkọ́? Wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ojú wò níbí?"

Mo sọ fún Fọlákẹ́, ó sunkún nínú kíṣìnnì. Ó ní tí Bàbá bá lọ, tí òògùn àti àyẹ̀wò bá já, kò ní pẹ́ tí wọn ò ní rí ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ wo ọ̀ràn. Tí a bá mú wọn lọ sílé, ojú á lọ. Tí a bá fi wọ́n sílẹ̀ níbí, wọ́n á gbẹ bí igi. Èmi tí mo ti ń dá ẹjọ́ láàárín àwọn ọmọ kíláàsì láti ìgbà èwe, mi ò rí ti èyí dá.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ẹ̀yìn àdúgbò wa ń kọjá. Ó ti ń kọjá látọjọ́ tí a ti dé, èmi ò kà á sí. Bàbá gbé orí sókè. Wọ́n ní, "Ìyá Fọlákẹ́, o gbọ́ yẹn? Wọ́n ti jó irin wọn pọ̀. Kò ní oríkèé."

Mo ní kí ló ń jẹ́ oríkèé irin? Wọ́n ní ní tiwa, ibi tí irin kan ti pàdé èkejì, àyè díẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa ṣe kọ̀tọ̀kọ̀tọ̀ bó bá ń lọ. Wọ́n ní ti ibí yìí kò dún bẹ́ẹ̀, ó ń lọ geerege. Ẹ gbọ́, láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn lọ̀rọ̀ tó gùn jù tí wọ́n sọ.

Wọ́n bi mí pé níbo ni irin náà parí sí. Mi ò mọ̀. Wọ́n bi Fọlákẹ́. Fọlákẹ́ ní mọ́tò lòun ń wà, òun ò mọ ti irin. Dádì yín ló sọ fún wọn pé gbogbo irin ilẹ̀ yìí ló so mọ́ra wọn, pé èèyàn lè máa pààrọ̀ ọkọ̀ títí á fi gba orí òkè oníyìnyín kọjá, títí á fi dé òkun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn, ní California.

Bàbá ní, "Orí òkè? Ta ló tẹ́ irin náà?"

Dádì yín ní ìjọba ni, sà. Bàbá ní ìjọba kì í gbé òòlù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo yìí. Wọ́n bi pásítọ̀. Wọ́n bi ẹni tó wá tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe. Mo wá ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti ìwé. Ìwé á wà. Màá lọ wá a." Èmi tí mo kórìíra rélùwéè o.

Fọlákẹ́ gbé mi dé láíbìrì lọ́jọ́ tí kò lọ síbi iṣẹ́. Ìyá kan jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀, adúláwọ̀ ará ibí, irun rẹ̀ ti funfun bíi tèmi. Mísì Dórà lorúkọ rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ ìwé rélùwéè tó lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó ní èwo nínú wọn? Mo ní ṣé ó ju ẹyọ kan lọ ni? Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn, ó mú mi lọ́wọ́ lọ síbi tí wọ́n tò wọ́n sí.

Ẹ gbọ́… láti ibi tí mo jókòó sí yìí dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Ìwé ojú irin nìkan. Mo rántí hẹdimásítà wa àti kọ́kọ́rọ́ wọn. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ nǹkan kan. Níbi tí ìwé bá ti wọ́n, gbogbo ìwé ló dáa. Níbi tó bá ti pọ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ yíyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo wá ṣe bí ẹni tó ń ra iṣu, mo mú èyí tó sanra jù, tí wọ́n fi wúrà kọ orúkọ sí lẹ́yìn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Láàárọ̀, tí mo bá ti kán òògùn sí wọn lójú tán, màá jókòó tì wọ́n, màá ka gẹ̀ẹ́sì náà sínú, màá wá sọ ọ́ jáde ní Yorùbá. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn, àwọn olówó ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó lọ rí sẹ́nétọ̀. Ẹni tó dalẹ̀ ọ̀rẹ́. Ẹni tó ní dandan, ìlú òun ni irin gbọ́dọ̀ gbà. Irú àsè tí wọ́n sè, irú wáìnì tí wọ́n mu. Mo kà á fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹrin Bàbá na ọwọ́ wọn síta, wọ́n ní, "Ìyá Fọlákẹ́, dúró ná. Irin dà?"

Mo ṣí ìwé síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn. Mo ní irin ò tíì dé.

Wọ́n ní, "Àwọn yìí ṣì ń jẹun. Dá a padà."

Mo dá a padà. Èyí tí mo mú ṣìkejì, àwòrán ló pọ̀ nínú rẹ̀, ọkọ̀ ńláńlá, dúdú, tó ń dán. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n yàn. Ó tún di wàhálà, torí Bàbá ò rí àwòrán. Mo ní èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ kéékèèké tó ń yí lórí irin, mélòó ló ní níwájú kí ẹsẹ̀ ńlá tó bẹ̀rẹ̀? Mo ka méjì. Wọ́n ní mẹ́rin ni, pé méjì tó kù wà lódìkejì. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ ò rí i lẹ wá mọ iye rẹ̀. Wọ́n ní irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ ńlá mọ́ra, níbo ló ti bẹ̀rẹ̀? Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní, "Látìgbà èwe lo ti ń bá òṣìṣẹ́ rélùwéè gbé, o ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Mo ti pa ìwé dé kí n tó mọ̀. Mo ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ta ni kò sọ fún mi? Ìgbà wo lẹ sọ ọ́? Ẹ ó wọlé, ẹ ó jẹun, ẹ ó sùn, ẹ ó lọ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yín kò ju òórùn tó wà lára ẹ̀wù tí mò ń fọ̀."

Mo lọ sí kíṣìnnì, mò ń gé ilá bí ẹni pé ilá ló ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ méjì, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwé.

Lọ́jọ́ kẹta mo gbé ìwé náà, ó di láíbìrì. Mo ti pinnu pé mi ò yá òmíràn mọ́. Mísì Dórà ní báwo ni ọkọ mi ṣe gbádùn rẹ̀? Mi ò sọ ti ìjà fún un o. Mo kàn sọ pé ohun tí Bàbá fẹ́ mọ̀ ni àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, ohun tí wọ́n jẹ, ibi tí wọ́n sùn, ẹni tó kú nínú wọn. Mo ní bóyá kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Obìnrin náà ronú. Ó ní kí n má wo iwájú ìwé mọ́, ẹ̀yìn ni kí n máa wò. Ó ṣí ìparí ìwé kan fún mi. Ẹ ti rí i rí, ibi tí wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ sí, tí wọ́n kọ ojú ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n wá "alásè" níbẹ̀. Kí n wá "àgọ́," kí n wá "àìsàn." Tó bá jẹ́ pé orúkọ àwọn olówó nìkan ló wà níbẹ̀, kí n dá a sí àyè rẹ̀. Ó ní kí n tún wo ibi tí òǹkọ̀wé ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣé ó lọ ka lẹ́tà àtijọ́? Ṣé ó lọ bá àwọn ọmọ ọmọ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀? Àbí inú ìwé ẹlòmíràn ló ti dà á kọ? Èmi tíṣà, mo ti mọ ẹ̀yìn ìwé tipẹ́, ṣùgbọ́n n kò ronú rí pé ibẹ̀ ni èèyàn ti ń mọ ọkàn ẹni tó kọ ọ́.

A wá jókòó, àwa ìyá arúgbó méjì, à ń fa ìwé bọ́ sílẹ̀, à ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí ò ní alásè. Èyí náà ò ní alásè. Èyí ní àgọ́, ṣùgbọ́n àgọ́ ọ̀gá ni. Ẹ̀rín wá pa wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kàwé níbẹ̀ fi ìka lé ẹnu sí wa. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ní kí àwọn ọmọ dákẹ́, wọ́n wá ní kí n dákẹ́.

Nígbẹ̀yìn, Mísì Dórà wo kọ̀ǹpútà, ó ní ọ̀kan wà ní láíbìrì kan níhà Glenarden, òun á ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó dé. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ká ní mo rí i lórí àtẹ ni, mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Mo gbé e délé. A ò tíì parí ìjà dáadáa. Mo ní, "Ṣé kí n kà á?" Wọ́n ní, "Tó bá wù ọ́." Mo jókòó, mo kà.

Ìwé ní àwọn tó tẹ́ irin gba orí òkè yẹn kọjá, àwọn ará Ṣáínà ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n sọdá òkun wá ṣiṣẹ́. Wọ́n ní alásè tiwọn. Ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ, ewébẹ̀, àti ẹja gbígbẹ. Wọn kì í mu omi odò lásán, wọ́n á sè é, wọ́n á fi ewé tíì sí i, wọ́n á rù ú lọ síbi iṣẹ́. Nítorí náà inú kì í sábà run wọ́n bó ṣe ń run àwọn tó ń bu omi odò mu.

Bàbá jókòó dáadáa. Wọ́n ní, "Kí lo ní wọ́n jẹ?"

Mo ní ẹja gbígbẹ.

Wọ́n ní, "Tún ibẹ̀ kà."

Mo tún un kà. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí a ti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní ohun tí àwọn náà ń jẹ lágọ̀ọ́ nìyẹn, gààrí àti ẹja gbígbẹ. Wọ́n ní alásè àwọn, bàbá àgbàlagbà kan, kì í fẹ́ kí àwọn mu omi tí kò hó. Àwọn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù omi ń bà á, títí di ọjọ́ tí inú run gbogbo àgọ́, tó jẹ́ òun nìkan ló dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ka ojú ìwé kan, Bàbá á sọ tiwọn. Ojú ìwé mẹ́ta á gba gbogbo àárọ̀. Ọbẹ̀ ń jóná lórí iná, èmi ò mọ̀.

A wá dé ojú ìwé kan. Ìwé ní a ò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Olórí ikọ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ́jísítà, àwọn yòókù kàn jẹ́ èèyàn rẹ̀ ni. Nígbà òtútù, yìnyín ya lu àgọ́ wọn láti orí òkè, àwọn kan kú sábẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó lè dárúkọ wọn lónìí. Mo kà á tán. Mo wo Bàbá. Wọ́n ti ṣí fìlà.

Wọ́n ní, "Tiwa náà nìyẹn. Ta ló mọ Múmúnì?"

Mo ní ta ni Múmúnì?

Wọ́n ní ọmọ ikọ̀ àwọn ni. Ọdún kan, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Odò kan tó wà lẹ́yìn Ọ̀ffà kún, ó gbá gbogbo erùpẹ̀ abẹ́ irin lọ. Irin wá so rọ̀ bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ọ̀sán ni àwọn débẹ̀. Ọkọ̀ èrò sì ń bọ̀ láti Ìlọrin. Kò sí fóònù bíi tiyín yìí. Múmúnì mú aṣọ pupa, ó ń sáré lọ pàdé ọkọ̀ lójú irin, nínú òjò, ó ń fo sílípà kọ̀ọ̀kan. Ó sáré títí ó fi gbọ́ fèrè. Ó dúró sáàárín irin, ó ń ju aṣọ náà. Awakọ̀ rí i, ọkọ̀ dúró. Bàbá àti àwọn yòókù ti wà nínú omi dé àyà, wọ́n ń kó òkúta àti igi sábẹ́ irin. Nǹkan gé Bàbá lẹ́sẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n ní àwọn èrò ò mọ̀. Wọ́n yọ orí síta, wọ́n ń bú Múmúnì. Obìnrin kan tilẹ̀ ní kó kúrò lójú òun.

Ẹ̀yin ọmọ mi… mo gbé ìwé sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ṣé ọdún tí mo lọ ṣèdánwò tíṣà ní Ìlọrin ni?" Wọ́n ronú. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe, torí Fọlákẹ́ ò tíì rìn.

Mo wà nínú ọkọ̀ yẹn. Mo rántí òjò náà. Mo rántí ọkùnrin tó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, omi ń ro tótó lára rẹ̀, aṣọ pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ebi ń pa mí. Ọyàn mi ti kún, ó ń ro mí, torí ọmọ tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Mo ní… bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Èmi ni mo ní kó kúrò lójú mi.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, bàbá yín dé, ẹsẹ̀ kan wú. Mo gbé ẹ̀bà síwájú wọn, mo bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Mo ní rélùwéè yín kò wúlò fún nǹkan kan. Mo ní wọ́n dá wa dúró sínú igbó láìnídìí títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Wọ́n ń jẹ ẹ̀bà wọn. Mo ní kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀? Wọ́n ní, "Iṣẹ́ ni."

Mo ní, "Bàbá Fọlákẹ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

Wọ́n ní, "Inú ń bí ọ. Mo ní tí inú rẹ bá rọ̀, màá sọ ọ́. Nígbà tó fi máa rọ̀, mo ti padà sí àgọ́. Ó wá di pé ó pẹ́."

Mo sunkún. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbé mi. Ẹ̀rín gbé àwọn náà. A rẹ́rìn-ín títí Fọlákẹ́ fi sọ̀ kalẹ̀ wá láti òkè, ó ń bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ní níbo ni Múmúnì wà kí n lọ bẹ̀ ẹ́? Bàbá ní ó ti kú tipẹ́, ní Ọ̀ffà, pẹ̀lú ewú lórí. Wọ́n ní kí n má dààmú. Wọ́n ní lọ́jọ́ yẹn gan-an, nígbà tí àwọn ń bínú nítorí rẹ̀, Múmúnì fún omi kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó ń bú mi yẹn, ààyè ló fi ń bú mi."

Látìgbà náà, Bàbá ò sọ pé kí wọ́n dá àwọn padà mọ́. Wọ́n máa ń fẹ́ lọ kí ilé, ta ni kò fẹ́? Ṣùgbọ́n wọ́n á ní kí a dúró ká parí ìwé tó wà lọ́wọ́ ná. Ojú ò sì burú sí i, dókítà ní ó dúró sí ibi tó wà. Ní Sátidé, àwọn àgbà kan máa ń jókòó ní láíbìrì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Àwọn kan nínú wọn lè dárúkọ gbogbo ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n wọn ò gbé irin rí. Bàbá nìkan ló gbé e rí. Nígbà tí àwọn àgbà yẹn kọ́kọ́ bi Bàbá pé báwo ni irin kan ṣe wúwo tó, Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi àpá èjìká àwọn hàn wọ́n. Ìwé tuntun tó bá dé, Mísì Dórà á fi pamọ́ dè mí. Ó ní kí Màmá yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò ná.

Dáre, o rántí nígbà tí o ní fóònù lè máa kàwé fún Bàbá? Ó dáa, o ṣeun. Wọ́n gbọ́ ọ fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ mọ́, kì í rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í dúró kéèyàn dá ọ̀rọ̀ sí i.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Láyé tiwa, ọ̀rọ̀ ò jáde torí pé ọkọ wà lójú irin. Láyé tiyín, gbogbo wa wà lábẹ́ òrùlé kan, onífóònù wà nídìí fóònù, ọ̀rọ̀ ò jáde náà. Hùn. Ìwé dáa o. Ẹ wá èyí tó dáa, ẹ kà á. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń bẹ nínú ilé tí ẹnì kan ò kọ ìwé nípa wọn. Ẹ máa bi wọ́n. Ẹ má sì bi wọ́n bí mo ṣe bi bàbá yín nígbà yẹn. "Báwo ni iṣẹ́," ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè. "Iṣẹ́ ni" ni wọ́n á fi dá yín lóhùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá yín ti ṣíìfù òru dé láàárọ̀. Ó wọlé, ojú rẹ̀ ti wọ inú. Mo ti fẹ́ sọ èyí tí mo máa ń sọ, mo ti mọ̀ pé "fáìnì" ló máa sọ. Mo wá ní, "Fọlákẹ́, ta ni ẹ jọ ṣiṣẹ́?" Ó dúró, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí. Ó ní obìnrin kan ni, tí wọ́n jọ máa ń yí àwọn aláìsàn tó wúwo padà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí kì í jẹ́ kí òun nìkan gbé ẹnikẹ́ni, tó máa ń ya oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún òun tí òun ò bá ráyè jẹun. Ó ń sọ, ó ń sọ, tíì tí mo bù fún un tutù. Mo ní kí lorúkọ rẹ̀?

Ó ní Glòríà.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá… ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà nínú ilé yìí.